Bẹ́ ẹ ṣe máa múra eré ìdárayá láì jù hìjáàbù sílẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún obìnrin Mùsùlùmí l'Ékòó

Àsàlámù àléékúmù o, ẹ̀yin arábìnrin mi. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn. "Àǹtí, kí ni mo lè wọ̀ sáré?" "Àǹtí, kóòṣì ní kí n bọ́ ọ, kí ni kí n sọ fún un?" "Ṣé lẹ́gíǹsì dáa?" Èmi ò kí ń ṣe ààfáà o. Bọ́ọ̀lù ni mo gbá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ọmọbìnrin ni mo sì ń kó lẹ́yìn báyìí ní Súrùlérè, torí náà ohun tí mo mọ̀ dunjú ni aṣọ tó ń já, aṣọ tó ń ká sókè, àti aṣọ tí òjò ń tú àṣírí ẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti ààfáà, ẹ lọ bi ààfáà yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: aṣọ tó bò yín níwájú dígí lè má bò yín lórí pápá. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ni télọ̀ ń wọn aṣọ fún, ẹni tó ń fò tó ń ṣubú ló sì máa wọ̀ ọ́. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ ti rí aṣọ.

KẸ́ Ẹ TÓ NÁ KỌ́BỌ̀

Ẹ dáhùn mẹ́ta yìí ná, torí ibi táwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe gan-an nìyí, wọ́n á ti ra aṣọ kí wọ́n tó béèrè:

1. Ta ló máa wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n tì, tó jẹ́ obìnrin nìkan, tí kò sẹ́ni tó ń fi fóònù ya fídíò, ìmúra yẹn máa fúyẹ́. Tó bá jẹ́ pápá gbangba bíi ti Campos ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.
2. Eré wo ni? Aṣọ ẹni tó ń sáré kọ́ ni aṣọ ẹni tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ti odò sì dá dúró gedegbe.
3. Ṣé ẹ kàn fẹ́ kí ara yín jí pépé ni, àbí ìdíje tó ní rẹ́fírì? Tó bá ní rẹ́fírì, ẹ ka òfin eré yẹn kẹ́ ẹ tó já aṣọ.

KÍ NI Ẹ̀SÌN NÍ KÁ BÒ?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Súrà Núúrù, ẹsẹ 31, ní kí obìnrin rẹ ojú ẹ̀ sílẹ̀, kó ṣọ́ abẹ́ ẹ̀, kó má fi ọ̀ṣọ́ ẹ̀ hàn àfi èyí tó bá hàn fúnra ẹ̀, kó sì fa ìbòrí ẹ̀ bo àyà. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé níwájú ọkùnrin tó lè fẹ́ ẹ, gbogbo ara ni kó bò, àfi ojú àti ọwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Àwọn kan fi ojú kún un, bíi tàwọn ẹlẹ́hàá wa, àwọn kan lára àwọn Hánáfì (ọ̀kan nínú ọ̀nà òfin ẹ̀sìn mẹ́rin) sì yọ ẹsẹ̀ kúrò. Láàárín obìnrin Mùsùlùmí síra wọn, ọ̀pọ̀ ní láti ìdodo dé orúnkún ni.

Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti bo ibi tó yẹ, ó ku méjì: kó má fi ara hàn, kó má sì fún mọ́ra débi tó máa ya gbogbo ara síta. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Lójú tèmi o, aṣọ inú ni lẹ́gíǹsì, àfi kẹ́ ẹ wọ nǹkan lé e.

Ẹni tó bá wá ní kí obìnrin má sáré rárá, ẹ bi í léèrè ìyá wa Àíṣà, tó bá Àńábì sáré ìje, tó sì yege. Nígbà tó yá, tí ìyá wa ti sanra díẹ̀, wọ́n tún sá a, Àńábì wá gba iwájú, ó ní èyí dípò ti ọjọ́sí. Ó wà nínú ìwé hàdíìsì Àbù Dáwúdù. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ẹ̀.

AṢỌ ARA, NÍ ÌGBÉSẸ̀-ÌGBÉSẸ̀

1. Irú aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bó ṣe rí. Kọ́tìn dùn-ún wọ̀ nílé, ṣùgbọ́n tó bá ti mu òógùn, ó máa wúwo, ó máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ooru Èkó yìí ò sì ní jẹ́ kó gbẹ bọ̀rọ̀. Aṣọ jásì onípọlísítà tó ní ihò wẹ́wẹ́ máa ń tètè gbẹ. Ìṣòro tiẹ̀ ni pé èyí tó bá fẹ́lẹ́ máa ń fi ara hàn, pàápàá funfun.

2. Àwọ̀. Ẹ jìnnà sí funfun àti àwọn àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ bíi kíríìmù. Dúdú ń bo àṣírí, ṣùgbọ́n ó ń fa òòrùn mọ́ra, torí náà tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ máa lò ó, néfì búlúù, àwọ̀ wáìnì, tàbí àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

3. Ẹ̀wù òkè. Kó gùn dé àárín itan, ó kéré tán. Bó bá fi díẹ̀ ga ju orúnkún lọ, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Ẹ má ra èyí tó fẹ̀ bí àgbádá nítorí pé ẹ fẹ́ kó bò yín, atẹ́gùn máa gbé e sókè, ẹlòmíì sì lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ ọ.

4. Aṣọ inú. Ẹ̀wù pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ gígùn lábẹ́ jásì, lẹ́gíǹsì tàbí ṣòkòtò fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ṣòkòtò. Bí ẹ̀wù òkè bá tiẹ̀ ká, nǹkan ṣì wà lábẹ́.

5. Ṣòkòtò. Tráàkì tó ní rọ́bà lọ́rùn ẹsẹ̀ ló dáa jù. Èyí tí ẹnu ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa gun òkè tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ sì lè rí i kó wọ inú ṣéènì.

6. Bùrèsíà eré. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ èyí, èmi á sọ ọ́. Tí àyà ò bá dúró, kò sí ẹ̀wù tó máa fi pamọ́, ó sì máa dùn yín. Èyí tó fẹ̀ léjìká, tó di àyà mú dáadáa láì fún yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì fò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà kánjú yín.

Ìdánwò ilé

Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ:

1. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn aṣọ náà. Tẹ́ ẹ bá ń rí ìka ọwọ́ yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.
2. Ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ bu omi sí ẹ̀yìn àti àyà ẹ̀. Òógùn àti òjò ò ní bẹ̀ yín kí wọ́n tó ṣe é.
3. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ já máńgòrò. Ṣé ikùn yọ?
4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn ṣí, ní ibi tí ṣòkòtò ti pàdé ẹ̀wù?
5. Ẹ lóṣòó. Ṣé ìránṣọ ń ké, ṣé aṣọ ìtan ti fẹ́lẹ́?
6. Ẹ fo okùn ní ìgbà 50.
7. Kí ẹnì kan ya fídíò yín látẹ̀yìn nígbà tẹ́ ẹ ń fò ó, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ sì pa á rẹ́.

Ìkeje yẹn lẹ ò gbọdọ̀ fò. Èmi alára, nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀wù kan tí mo fi ń yangàn, àbúrò mi obìnrin ló dúró ní kọ́rídọ̀ ilé wa tó ń ya mí, mo ń fo okùn, mo rò pé ayé mi ti dára. Kí n tó ṣí ojú, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà tí mo wò ó ni mo rí i pé tí mo bá ti fò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀wù yẹn á ti dé ìbàdí, á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ọn. Níwájú dígí o, kò sóhun tó ṣe é. Rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so bíi ojóbó, tí mo rán mọ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀ tí mo sì ń ki ṣòkòtò bọ̀, ló yanjú ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ GBÉ E FÚN TÉLỌ̀

Nígbà míì, ó sàn ju ká máa wá a kiri lọ. Aṣọ jásì oníyáàdì wà ní Balógun àti Tẹ̀júoṣó, ẹ sọ pé aṣọ jásì lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì fà á wò kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ sọ àwọn nǹkan yìí fún télọ̀, ẹ má rò pé ó mọ̀ ọ́n, torí aṣọ òde ló ń rán látàárọ̀:

- Kó má lo ìránṣọ gbọọrọ lásán. Aṣọ tó ń fà nílò sígísáàgì tàbí ẹ̀rọ wíìfìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lóṣòó ni òwú máa já paapaa, ibi tó sì ti máa já, ẹ mọ̀ ọ́n.
- Kó fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin sí abẹ́ apá àti sí ìdí ṣòkòtò. Àwọn bàbá wa mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń wọ kẹ̀ǹbẹ̀ tó ń sọ pé ṣòkòtò òun há.
- Ọwọ́ ẹ̀wù: kó dé ọrùn ọwọ́, kí rọ́bà ibẹ̀ rọ̀ débi tẹ́ ẹ máa lè ká a dé ìgbúnwọ́. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé orí àlùwàlá.
- Lílà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù: kó má ga ju ibi tí ọwọ́ yín dé lọ tẹ́ ẹ bá na án sílẹ̀.

Tówó ò bá sí, ẹ lọ sí òkìríkà ní Yábàá lówùúrọ̀, kí wọ́n tó ṣa àwọn tó dáa tán. Jásì ọkùnrin oníwọ̀n ńlá máa ń ṣe wẹ́kú, tráàkì pọ̀ níbẹ̀ bíi yanrìn. Ẹ fa rọ́bà ìbàdí wò, ẹ gbé àárín itan sójú ìmọ́lẹ̀, ibi tó kọ́kọ́ ń gbó nìyẹn. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá jásì ọkùnrin ò di fífi ara wé ọkùnrin. Ìdáhùn tí ààfáà wa fún mi ni pé aṣọ tí tọkùnrin-tobìnrin ń wọ̀ ládùúgbò ò sí nínú èyí tí wọ́n kọ̀, ẹ tún bi tiyín.

ÌBÒRÍ: IBI TÍ ỌWỌ́ TI Ń TẸ ÈÈYÀN

Ọdún kan báyìí, ìdíje àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ti wọ búùtù tán, mo ti gbọ́n ara nù. Rẹ́fírì nawọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n mi, ó ní "Kí nìyẹn?" Pín-ìnnì kékeré kan báyìí ni o, alárà góòlù, tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí n wọlé. Mo bá a fa ọ̀rọ̀, mo tiẹ̀ fẹ́ sunkún, mo rò pé hìjáàbù mi ló ń bá jà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọwọ́ di abẹ́ àgbọ̀n mú, títí àbọ̀ àkọ́kọ́ fi parí tí ẹnì kan wá yá mi ní èyí tí wọ́n kàn ń fi orí wọ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo ka òfin ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn jàre. Ká ní ìgbọ́nwọ́ ẹnì kan gbá pín-ìnnì yẹn, ọ̀nà ọ̀fun mi ló máa wọ̀.

Torí náà, òfin àkọ́kọ́: KÒ SÍ PÍN-ÌNNÌ. Kò sí búróòṣì, kò sí èyí tí wọ́n ń so lọ́rùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án tàbí rán an:

1. Èyí tó jẹ́ ẹyọ kan, tí wọ́n ń fi orí wọ̀ bí ẹni wọ súwẹ́tà, ló dáa jù. Ilé iṣẹ́ aṣọ eré Nike náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiẹ̀ ní 2017, ṣùgbọ́n télọ̀ àdúgbò lè rán an.
2. Yáàdì kan aṣọ jásì tó rọ̀ tó yín, ó máa ṣẹ́kù.
3. Ẹ fi téèpù wọn ojú yín, láti abẹ́ àgbọ̀n gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ sí ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá padà sí abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ yọ íǹṣì kan tàbí méjì kúrò kó lè di ojú mú. Tẹ́ ẹ bá yọ jù bẹ́ẹ̀, orí máa fọ́ yín kí eré tó parí.
4. Ní etí, kí aṣọ jẹ́ ìpele kan péré. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ fèrè, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pariwo "ẹ̀yìn ẹ!", tẹ́ ẹ bá sì ń sáré lójú títì, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀kadà.
5. Gígùn: kó bo àyà, tàbí kó gùn tó èyí tẹ́ ẹ máa ki sínú jásì tí kò ní fà yọ. Tẹ́ ẹ bá kì í bọnú, ẹ̀wù òkè gbọ́dọ̀ fẹ̀ láyà.
6. Kó rọrùn láti fà kúrò lórí. Bí ẹnì kan bá fà á láìmọ̀, aṣọ ni kó bọ́, kó má fún yín lọ́rùn. Torí náà ni mo ṣe ní ẹ wọ fìlà inú tó di irun mú dáadáa, kí irun má hàn bó bá tiẹ̀ bọ́.

Irun fúnra ẹ̀: ẹ dì í mọ́lẹ̀. Ṣùkú ńlá tàbí wíìfù tó ga máa ń ti ìbòrí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí iwájú orí á fi yọ síta.

ÒFIN ERÉ KỌ̀Ọ̀KAN

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Láti 2014 ni òfin ti gba ìbòrí. Nouhaila Benzina ti Mòrókò wọ̀ ọ́ ní World Cup àwọn obìnrin ní 2023, òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí òfin kẹrin nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù sọ nìyí: kó jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ tó pọ̀ jù lára jásì, kí gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nínú ẹgbẹ́ kan náà wọ àwọ̀ kan náà, kó má so mọ́ jásì, kó má ní ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kó má sì ní ohun tó yọ síta. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Èyí tí wọn ò mọ̀, tó sì ń lé wọn kúrò lórí pápá, ni ti aṣọ inú: ọwọ́ gígùn tó bá yọ lábẹ́ jásì gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ ọwọ́ jásì mu, lẹ́gíǹsì sì gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ ṣòkòtò péńpé mu, gbogbo ẹgbẹ́ á sì jọra. Ẹni tó wọ jásì pupa tó wá wọ dúdú sábẹ́ ẹ̀ kàn ń wá wàhálà ni. Yẹtí, ẹ̀gbà, òrùka, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yọ sílé, kò sí pé ẹ máa fi téèpù bò ó.

Básíkẹ́ẹ̀tì. FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, gbà á láti oṣù kẹwàá 2017. Kó má bo ibì kankan lójú, kó má ní ohun tó ń ṣí tó ń pa ní ojú tàbí ọrùn, kó má ní ohun tó yọ síta. Ti ìbòrí àti lẹ́gíǹsì, àwọ̀ kan ni fún gbogbo ẹgbẹ́.

Eré sísá. Ìwé òfin sọ pé aṣọ ò gbọdọ̀ fi ara hàn kódà tó bá tutù, ẹ rí i pé àwa nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Àṣìṣe ibí yìí ni nọ́ńbà àyà: hìjáàbù gígùn máa bò ó, wọ́n á sì máa lé yín kiri. Ẹ ki ìbòrí bọ inú ẹ̀wù, tàbí kẹ́ ẹ lẹ nọ́ńbà sísàlẹ̀ díẹ̀ níbi ikùn. Ẹni tó bá fẹ́ sá Lagos City Marathon, kìlómítà 42 yẹn, kó fi fasilín pa abẹ́ apá, itan, àti abẹ́ àgbọ̀n níbi tí etí ìbòrí ti ń ha ara. Ẹ má wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ yẹn o. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi sáré gígùn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Fọ́líbọ́ọ̀lù. Doaa Elghobashy ti Íjíbítì gbá ti etí òkun ní Rio 2016 pẹ̀lú hìjáàbù, ọwọ́ gígùn àti ṣòkòtò gígùn, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bíkínì nìkan ló wà.

Taekwondo. Ìbòrí wà lábẹ́ akoto, kó fẹ́lẹ́, kó má ka jọ, kí akoto lè di orí mú.

Gbígbé irin. Láti 2011 ni wọ́n ti gba aṣọ tó bo gbogbo ara, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra torí adájọ́ fẹ́ rí ìgbúnwọ́ àti orúnkún bó ṣe nà. Ẹ ò lè bá wọn jiyàn lórí èyí. Tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ máa gbé irin ní gímù tó ní àkókò obìnrin, ẹ má dé orí pèpéle.

Odò. Búrúkínì, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo gbogbo ara, dáa fún ìgbádùn àti ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n nínú ìdíje ńlá ti inú odò àtọwọ́dá, òfin àwọn olùwẹ̀ ní aṣọ obìnrin ò gbọdọ̀ kọjá èjìká tàbí sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ní wákàtí obìnrin, kẹ́ ẹ tún béèrè bóyá ọkùnrin ni ẹni tó ń ṣọ́ odò ní wákàtí yẹn, torí wọn kì í rántí sọ ọ́. Ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má wọ jálábíà tàbí aṣọ kọ́tìn bọ́ sínú odò tó jìn. Ó máa mu omi, ó máa wúwo, ó máa fà yín sísàlẹ̀. Ti etí òkun l'Ékòó, ẹ má tiẹ̀ sọ pé ẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, omi yẹn ń fa èèyàn lọ.

ÒÒRÙN, ÒÓGÙN ÀTI ÌRUN

Lẹ́yìn Àsùbáà tàbí lẹ́yìn Làásárì ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Agogo méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ ìpele méjì, ìyà lẹ fi ń jẹ ara yín. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé yín, ẹ dúró, ẹ lọ sábẹ́ ìbòji, ẹ bu omi sára. Tí ẹni náà bá ti ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó dákú, kí àwọn obìnrin yí i ká, kí wọ́n tú ìbòrí àti aṣọ òkè ẹ̀, kí wọ́n máa da omi tútù sí i lára, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró máa jiyàn hìjáàbù níbẹ̀, ẹ̀mí lẹ fẹ́ dá sí.

Ti ìrun: òógùn kì í ṣe ẹ̀gbin, aṣọ tó tutù fún òógùn ò ba ìrun jẹ́. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ẹ̀yìn tó ń ṣí ní ìforíkanlẹ̀, àti ọwọ́ ẹ̀wù tó fún débi tí omi àlùwàlá ò lè dé ìgbúnwọ́. Mo ti rí ọmọ kan tó ń jà pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi títí wọ́n fi ṣálámà. Ẹ máa gbé jálábíà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú báàgì, ẹ jù ú lé aṣọ eré, ẹ kírun, ó parí.

BẸ́ Ẹ ṢE MÁA BÁ KÓÒṢÌ SỌ̀RỌ̀

Ẹ má dúró di ọjọ́ ìdíje. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ lọ bá a lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó má jẹ́ níwájú ẹgbẹ́. Ẹ mú ìbòrí náà dání, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì fi òfin hàn án lórí fóònù. "Ẹ káàárọ̀ sà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo èyí, kò ní pín-ìnnì, àwọ̀ jásì wa náà ni." Ọ̀pọ̀ kóòṣì ò kórìíra hìjáàbù o, ẹ̀rù rẹ́fírì ló ń bà wọ́n. Kí kóòṣì wá bá àwọn tó ṣètò ìdíje sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbà á, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ò ṣeé fi hàn rẹ́fírì.

Tó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé ni, ẹ̀yin òbí, ẹ rántí pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ ní June 17, 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ hìjáàbù ní ilé ìwé ìjọba l'Ékòó. Ilé ìwé ìjọba ni o. Ẹgbẹ́ aládàáni àti ìdíje ní òfin tiwọn, ẹ má lọ fi ìwé ilé ẹjọ́ na rẹ́fírì lójú.

Tí wọ́n bá fún yín ní jásì funfun tó fẹ́lẹ́? Ẹ béèrè fún oníwọ̀n ńlá, ẹ wọ ẹ̀wù inú funfun tó nípọn tí kò fi ara hàn, ẹ sì dán an wò pẹ̀lú omi nílé.

BÁÀGÌ ỌJỌ́ ÌDÍJE

- Ìbòrí méjì, àwọ̀ kan náà
- Fìlà inú méjì
- Ẹ̀wù inú àti lẹ́gíǹsì kan sí i
- Jálábíà ìrun
- Fasilín, omi, tówẹ̀lì
- Ọ̀rá méjì fún aṣọ tútù
- Abẹ́rẹ́ àti òwú (inú báàgì ni kó wà, kì í ṣe lára yín lórí pápá)

FÍFỌ̀

Aṣọ jásì ò fẹ́ omi gbígbóná lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, kò fẹ́ bílíìṣì, kò sì fẹ́ áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ má kì í mọ́ báàgì di ọjọ́ kejì. Tí òórùn bá ti mú un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ bu fínígà díẹ̀ sí fún ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ibòji lẹ máa sá a sí. Rọ́bà inú ìbòrí ló kọ́kọ́ ń kú, tó bá ti ń yọ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé e fún télọ̀ kó fi rọ́bà tuntun sí i.